Sáàmù tí Mo Kà fún Ẹni tí Ebi Ń Pa: Ìrírí Mi ní Òṣogbo Nígbà Kòrónà

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí ní ọdún 2020, ọdún keje sì nìyẹn tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nínú ìjọ wa ní Òṣogbo, èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, orúkọ tí tọmọdé tàgbà sì fi ń pè mí ni Màmá Tíṣà. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé Bíbélì kò ṣàjèjì sí mi. Bí mo bá tilẹ̀ rò ó dáadáa, mímọ̀ tí mo rò pé mo mọ Bíbélì ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí tètè wọ̀ mí lára.

Nígbà tí ìròyìn jáde ní ìparí oṣù kejì ọdún náà pé wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ní Èkó, ohun tí a ń sọ láàrin ara wa ní Ọjà Ọba ni pé àrùn àwọn tí ń wọ bàálù ni, kò kan ẹni tí ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Èmi náà sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì fi oòrùn wa àti ata wa kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, wọ́n kó àwọn ènìyàn 127 tí wọ́n ti Ivory Coast darí wálé sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Èjìgbò, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn náà wà lára àwọn kan nínú wọn. Èjìgbò kì í ṣe ìlú òyìnbó. Láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kì í ti Èjìgbò wọ Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ bàálù kúrò lẹ́nu wa. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, Gómìnà Adégbóyèga Oyètọ́lá ti kéde kónílé-ó-gbélé fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹni tí ó bá mọ Òṣogbo mọ̀ pé ìlú wa kì í dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí ẹnu géètì wa ní Òkè-Baálẹ̀, n kò gbọ́ ìpè àwọn awakọ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, n kò gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àkùkọ ni ó ń kọ, kò sì sí ẹni tí ó ń bá a du ohùn.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo pinnu láti ṣe iṣẹ́ Olúwa láti inú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ṣètò ìsìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣe é dáadáa ní ìwọ̀n bí iná mànàmáná ti gbà wọ́n láàyè. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìyá mẹ́rìndínlógún tí ó wà ní kíláàsì mi, àwọn méje wà tí ó jẹ́ pé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní, ìsìn náà kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní n óò máa pe àwọn méje wọ̀nyí ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò máa ka Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún fún wọn, n óò sì máa gbàdúrà. Ìdí tí mo fi yan Sáàmù náà kò farasin: ó dárúkọ àjàkálẹ̀-àrùn. Bí mo bá ti dé ẹsẹ keje, níbi tí ó ti sọ pé ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, ẹgbàárùn-ún ní apá ọ̀tún rẹ, ṣùgbọ́n kì yóò sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ, ohùn mi a lọ sókè bí ti ẹni tí ń kéde ogun. Wọn a ṣe Àmín, èmi náà a sọ fóònù kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tí ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn méje náà ni Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù. Ìfẹ́ tí ó ní sí ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ kí ó máa jókòó láàrin wa. Opó ni, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ń gbé, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni ó sì ń tà fún àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ní Old Garage. Ẹ wo bí òwò náà ti rí: yóò rẹ àgbàdo sómi fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò jẹ́ kí ògì rẹ̀ sílẹ̀, yóò ro ó lórí iná, yóò pọ́n ọn sínú ewé, owó tí ó bá sì rí nínú èyí tí ó tà lónìí ni yóò fi ra àgbàdo tí yóò rẹ lọ́la. Kò sí ibi tí owó kankan ti lè sinmi nínú ìyípo yìí. Bí awakọ̀ kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyípo náà já.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi pè é, tí mo béèrè pé, “Ṣé àlàáfíà ni?”, tí ó dá mi lóhùn pé, “A dúpẹ́, Màmá,” tí mo sì gba “a dúpẹ́” náà gbọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere. Mo ka Sáàmù tán, mo gbàdúrà, mo dúró de Àmín. Àmín kò dún. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

“Màmá Tíṣà,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi owó yín pè mí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n omi ògì ni a ti ń mu láti ọjọ́ Ajé, ó sì tán ní àná. Nígbà tí ẹ bá kà á pé kì yóò sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, Táíwò máa ń bi mí pé, ṣé oúnjẹ ni wọ́n ní kò ní sún mọ́ wa.”

N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi dákẹ́. Jákọ́bù kọ ọ́ sínú orí kejì ìwé rẹ̀ pé bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá wà ní ìhòòhò, tí ó sì ṣe aláìní oúnjẹ òòjọ́, tí ẹnìkan nínú yín sì wí fún wọn pé, ẹ máa lọ ní àlàáfíà, kí ara yín kí ó móoru, kí ẹ sì yó, láìfún wọn ní nǹkan tí ara ń fẹ́, èrè kí ni ó jẹ́? Mo ti kọ́ kíláàsì mi ní ibi kíkà yìí ní àìmọye ìgbà. Mo tilẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin tí mo máa ń bi wọ́n lórí rẹ̀. Ohun tí ó wá dùn mí jù ni pé ọmọ mi ọkùnrin tí ó wà ní Ìbàdàn ti fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó ti ọ̀nà, àpò náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ àga tí mo máa ń jókòó lé. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún tí ó máa ń wú lé, nígbà tí mo bá ń ka Sáàmù.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ fún un láṣẹ láti máa rìn. Mo pè é. Kí ó tó dé, mo ti bu ìrẹsì, mo ti bu gàárì, ṣùgbọ́n mo wò ó pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kò lè jẹ èyí kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Alhaja tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi ń ta oúnjẹ ní ọjà Orísunbáre, ó sì kó ọjà díẹ̀ pamọ́ sílé. Mo dúró sí ìdí ọgbà, mo ṣàlàyé fún un láti òkèèrè pé mo fẹ́ ra ẹ̀wà àti èlùbọ́, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ mi títí ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé. (Ẹni tí ó bá mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ti ń wọlé yóò mọ̀ pé àwìn tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe kékeré.) Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó gbé e ka orí ọgbà, ó fi epo pupa ìgò kan lé e, ó ní, “Ẹ sáà sọ fún Jésù yín pé Alhaja náà dá sí i.” Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kan náà, ọsàn àti ìbẹ́pẹ tí ó fi ń ṣínu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ọgbà mi ni wọ́n ti wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìpè mi padà. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ológójì ewé kan, mo kọ orúkọ àwọn méje sí i, mo sì pinnu pé n kò ní í bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá àlàáfíà ni. Nínú àṣà wa, ẹni tí a bá bi ní “ṣé dáadáa ni” kò ní ìdáhùn mìíràn ju “a dúpẹ́” lọ. Bí òkú bá tilẹ̀ wà ní yàrá, “a dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ jáde. Àwa Kristẹni tún wá fi kún un, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan kò rọgbọ ń bẹ̀rù kí a má sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Kí ni ẹ jẹ lánàá?” Mo ń béèrè pé, “Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ku hóró mélòó?” Ìbéèrè kejì yìí ni ó fi hàn mí pé ìyá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ti ń fi ọ̀bẹ gé oògùn rẹ̀ sí méjì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kí ó má baà tán. Ẹlòmíràn ní oúnjẹ, ó ní oògùn, ṣùgbọ́n kò tíì bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ àná. Òun a máa sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, èmi a máa gbọ́, káàdì ìpè mi a sì máa jó. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó ń ka Sáàmù.

Mo tún ní láti padà lọ ka Sáàmù náà fún ara mi, nítorí mo rí i pé bí ọ̀tá ti máa ń lò ó ni mo ti ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín. Nínú Mátíù orí kẹrin, nígbà tí Èṣù gbé Olúwa wa lọ sí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, tí ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún yìí gan-an ni ó kà sí i létí: yóò pàṣẹ fún àwọn áńgẹ́lì rẹ̀ nítorí rẹ. Inú ìwé náà ni ó ti kà á, ó fi í ṣe ìdí tí ènìyàn fi lè fi ara wéwu. Jésù kò sọ pé Sáàmù náà kì í ṣe òtítọ́. Ó dáhùn pé, “Ìwọ kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run rẹ wò.” Ibi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá-ògo ni Sáàmù náà fi bẹ̀rẹ̀, abẹ́ òjìji Olódùmarè, ẹni tí ó bá sì wà lábẹ́ ibòji, kò sí ìdí tí yóò fi jáde lọ fi oòrùn dánra wò.

Èyí ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí alàgbà kan nínú ìjọ wa sọ pé ẹni tí ó bá lo ìbòmú ti kọ ẹ̀jẹ̀ Jésù sílẹ̀. Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún ni, n kò fẹ́ bá a jiyàn ní gbangba, nítorí náà mo pè é lórí fóònù, mo ní kí ó bá mi wo Léfítíkù orí kẹtàlá, ẹsẹ karùndínláàádọ́ta àti èkejì rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ní kí adẹ́tẹ̀ fi nǹkan bo ètè rẹ̀ òkè, kí ó sì máa gbé lẹ́yìn ibùdó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní Májẹ̀mú Láéláé nìyẹn. Mo ní Sáàmù náà kò sí nínú Májẹ̀mú Titun, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìjọ tún ṣí, ó wọ ìbòmú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni ó sábà máa ń fi í sí. Ti ọṣẹ kò ní wàhálà púpọ̀. Mo ṣàlàyé fún àwọn ìyá mi pé ọ̀rá tín-ín-rín ni ó bo kòkòrò àrùn náà lára, àti pé bí ọṣẹ ti ń tú epo pupa kúrò lára àwo ni ó ti ń tú ọ̀rá yìí ká tí kòkòrò náà fi ń bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a fi ìṣẹ́jú-àáyá ogún fọ ọwọ́, kí a má kàn fi omi ra á. Kò sí ẹni tí ó ti fọ abọ́ ẹ̀fọ́ rí tí kò lóye rẹ̀.

Ìyá ìyá mi, tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti sọ ìtàn irú ìgbà báyìí fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn ìnfúlúẹ́ńsà jà káàkiri ayé, tí ó sì dé ilẹ̀ wa, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Joseph Shadare wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Sophia Odunlami, olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣàìsàn náà tí ó sì yè. Láti inú àwùjọ kékeré yẹn ni ẹgbẹ́ Aládùúrà ti hù, tí ó fi di pé ní ọdún 1930 iṣẹ́ ìránṣẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oyè, ní Iléṣà tí kò jìnnà sí wa yìí, mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Ìwòsàn ni a fẹ́ràn láti máa sọ nínú ìtàn náà, n kò sì ní sọ pé kò yẹ kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyá àgbà máa ń pẹ́ sí ni ti ìyàwó kan ní agboolé wọn tí ó máa ń gbé omi àti ẹ̀kọ gbígbóná ka ẹnu ọ̀nà àwọn tí àrùn ti gbé dè, tí yóò kan ìlẹ̀kùn, tí yóò sì padà sẹ́yìn. Ìyá àgbà kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa rí. N kò tilẹ̀ ronú kan ìyàwó náà fún àádọ́ta ọdún, àfi ní ọ̀sẹ̀ Ìyá Ìbejì.

Àjíǹde ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Ìjọ wa kò péjọ. Èmi nìkan ni mo wọ aṣọ funfun mi, mo jókòó sí pálọ̀, mo sì ka Jòhánù orí ogún. Mo ti máa ń sáré kọjá ẹsẹ kọkàndínlógún, níbi tí ó ti sọ pé a ti ìlẹ̀kùn ibi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wà nítorí ìbẹ̀rù, tí Jésù sì wá, ó dúró láàrin. Mo wo ìlẹ̀kùn mi tí mo tì. Mo sunkún díẹ̀, ó sì dára.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ yọrí sí ayọ̀. Ìyá tí ó ń gé oògùn rẹ̀ sí méjì kú ní oṣù kẹjọ. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Kòrónà ni. Èémí ni kò gbé e mọ́ ní ọjọ́ méjì tí ó kẹ́yìn. Obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn ní àdúgbò, tí à bá pa màlúù, tí à bá dá aṣọ ẹbí, tí ìlù ì bá sì dún títí ilẹ̀ fi mọ́, àwa díẹ̀ ni a dúró jìnnà síra lẹ́bàá sàréè rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ọmọbìnrin rẹ̀ bi mí pé, “Màmá Tíṣà, ṣé ẹ kò kà á fún wọn pé kì yóò sún mọ́ wọn ni?” N kò dá a lóhùn. Mo lọ jókòó sí fàráńdà wọn ní ọjọ́ kejì, òun ní ìpẹ̀kun kan, èmi ní ìpẹ̀kun kejì, mo sì tún lọ ní ọjọ́ kẹta. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan, n kò sì rò pé wọ́n ṣe ohun tí ó dára ju èyí lọ nínú gbogbo ìwé náà. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ orin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn, mo sì gbè é.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, àríyànjiyàn tuntun dé. Wọ́n ní àmì ẹranko náà ni, wọ́n ní 666 wà nínú rẹ̀. Ìyá méjì nínú kíláàsì mi kò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbé apá bùbá mi sókè, mo fi àpá róbótó tí ó wà ní èjìká mi hàn wọ́n, mo ní kí àwọn náà wo tiwọn. Gbogbo wa ni a ní in. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bupá fún wa nítorí olóde, àrùn tí àwọn òbí wa kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ní ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Mo bi wọ́n pé, láti ọgọ́ta ọdún tí àpá yìí ti wà lára yín, ǹjẹ́ ó dí yín lọ́wọ́ láti jẹ́ ti Kristi? Ọ̀kan gba abẹ́rẹ́ náà. Èkejì kọ̀, mo sì fi í sílẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó tún di Sáàmù tí mo ń ka lé e lórí.

Àwọn mẹ́fà tí ó kù ni mo ń pè bọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ojoojúmọ́ mọ́. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni a fi sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún ayé mọ́. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì sọ fún ara mi pé iṣẹ́ mi parí, nítorí pé àgbà ti ń dé sí mi, oorun òwúrọ̀ sì dùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, n kò pe ẹnikẹ́ni. Agogo mẹ́fà kọjá. Ní agogo méje kù díẹ̀, fóònù dún. Ìyá Ìbejì ni. Mo ń gbọ́ àwọn awakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní Old Garage tí wọ́n ń ké “Ìbàdàn! Ìbàdàn!”, mo sì ń gbọ́ ìró ṣíbí lára ìkòkò.

“Màmá Tíṣà, ṣé kò sí o? A kò gbọ́ Sáàmù.”

Mo ní kò sí. Mo bi í pé kí ni ó jẹ lánàá. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ni, Táíwò tilẹ̀ jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo wá awò ojú mi, mo ṣí Bíbélì.